Títún ọkọ̀ ìdíje onígi àtijọ́ ṣe ní Èpé: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù

Irú ọkọ̀ wo gan-an lẹ̀ ń sọ?

Ọkọ̀ kékeré onígbòkun ni, èyí tí ẹni kan, méjì tàbí mẹ́ta fi ń sáré ìje lórí omi. Atẹ́gùn ló ń gbé e lọ. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí àwọn apẹja wa ń wà lọ sí Olúwo, ọjà ẹja Èpé, tàbí ọkọ̀ gígùn tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà nígbà ọdún. Àwọn yẹn ní ìtọ́jú tiwọn.

Orúkọ tí ẹ máa ń bá lára wọn kò ju mélòó kan lọ. Snipe ti wà láti 1931, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15 àti ààbọ̀. Lightning jáde ní 1938 láti iléeṣẹ́ Sparkman & Stephens ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 19 ni. Uffa Fox ló ya Firefly, ó jáde ní 1946. Jack Holt ló ya GP14 ní 1949, òun àti Barry Bucknell sì ni wọ́n gbé Mirror jáde ní 1962. Igi ni wọ́n fi kan gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀, kí fáíbà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi.

Ta ló gbé wọn wá sí ọ̀sà wa?

Àwọn òyìnbó amúnisìn àti àwọn oníṣòwò tó ń gbé Èkó. Wọ́n dá Lagos Yacht Club sílẹ̀ ní 1932, Lightning sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi sáré níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbó, tàbí tí olówó rẹ̀ bá padà sílé, ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan ló ń sùn sí. Láti irú ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè wọ̀nyí ti ń wá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá èyí tí mo rí ṣì ṣeé tún ṣe?

Ẹ má fojú wò ó lásán, torí ọ̀dà tuntun lè bo igi tó ti kú. Ẹ mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ẹ máa fi tẹ igi díẹ̀díẹ̀. Igi tó ṣì le dáadáa máa ta ọ̀bẹ padà. Èyí tó ti rà máa gbà á wọlé bíi ṣúkù àgbàdo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdí síkúrúdíráfà lu ara ọkọ̀ káàkiri. Níbi tó bá ti ń dún kó, kó, kò séwu. Níbi tó bá ti dún bọ̀ọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

Ibi tí omi òjò ń dúró sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ìsàlẹ̀ pákó ìdí ọkọ̀, ìdí àpótí àárín tí pákó ìsọ̀ ń gbà wọ omi, ojú ibi tí òpó ìgbòkun dúró lé, àti gbogbo kọ̀rọ̀ abẹ́ òrùlé iwájú tí afẹ́fẹ́ kì í dé.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ju igi jíjẹrà lọ ni ọkọ̀ tó ti wọ́. Ẹ ta okùn tín-ín-rín láti iwájú dé ìdí ọkọ̀, kí ẹ wọn ọ̀tún àti òsì. Bí ìdajì kan bá ti yàtọ̀ sí ìkejì, torí pé ó ti sùn lórí bíríkì kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ ti di ìlọ́po méjì. Igi tó rà ṣeé gé kúrò. Èyí tó wọ́ máa ń fẹ́ padà sí bó ṣe wọ́.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe tí mo bá gbé e délé?

Ẹ má tíì ha nǹkan kan. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ nínú àti lóde, kí ẹ ṣí gbogbo ibi tó ṣeé ṣí, kí ẹ gbé e lé igi mẹ́rin tó dọ́gba, kí ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀ títí tí fóònù yóò fi kún. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára igi nínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni ìwé ìbí ọkọ̀.

Ohunkóhun tí ẹ bá tú, nínú ọ̀rá tirẹ̀ ni kó wọ̀, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára. Ẹnìkan tú gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kó o wá bá wa nínú àpò ìrẹsì mẹ́ta. A ṣì ń bá a wá ìyókù.

Pákó tó ti jẹrà pàápàá, ẹ má jù ú nù: òun ni àwòṣe tí ẹ máa fi gé tuntun.

Èwo ló ń ba ọkọ̀ onígi jẹ́ jù, omi ọ̀sà tàbí òjò?

Òjò ni, ó sì máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Olú tó ń mú igi rà kì í ṣiṣẹ́ nínú igi gbígbẹ. Ó nílò kí ọ̀rinrin inú igi ju bí ìdá 20 nínú 100 lọ, kó sì rí afẹ́fẹ́ mí. Iyọ̀ kì í bá a lára mu. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń wọ omi oníyọ̀ fi máa ń le nígbà tí òrùlé rẹ̀ tí òjò ń pa ti di ìyẹ̀fun.

Ní Èpé níbí, kò tiẹ̀ sí iyọ̀ púpọ̀ tó lè gbà wá. Odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn ló ń tú sí ọ̀sà Lẹ́kkí, nítorí náà lásìkò òjò, omi tí à ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ rárá. Ọkọ̀ tó bá ti omi wa jáde gbọ́dọ̀ gbẹ nínú. Ẹ yọ ìdérí ihò ìṣanmi, kí ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Níbo ni kí n gbé e sí?

Abẹ́ páànù tí kò ní ògiri dára ju yàrá tí ẹ tì pa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi tapólì bò ó, ẹ gbé igi kan sí àárín bí àjà ilé kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tapólì tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ń se igi nínú ooru ara rẹ̀ ni.

Ikán ńkọ́? Ẹ má gbé ọkọ̀ lélẹ̀, kí ẹ má sì fi pákó arère ṣe àtẹ̀gùn fún wọn. Orí irin tàbí bíríkì ni kó wà, kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́ kedere kí ẹ lè rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán bá ń kọ́ bọ̀. Òkèèrè la ti ń wo igi ganganran. Ẹ máa yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé kòkòrò inú omi ń jẹ ọkọ̀?

Òótọ́ ni. Ó ń gbẹ́ inú igi bí ihò ìka nígbà tí ìta ṣì ń dán, omi oníyọ̀ ló sì fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ náà kan ọkọ̀ tó ń sùn sínú omi lápá Èkó àti ẹnu òkun ju tiwa ní Èpé lọ. Ọkọ̀ ìdíje kékeré kò gbọ́dọ̀ sùn sínú omi rárá. Tí eré bá ti parí, ẹ gbé e jáde.

Ọyẹ́ ti la pákó ọkọ̀ mi. Ṣé kí n rì í sómi kó lè wú padà?

Ó kù sí bí wọ́n ṣe kàn án. Bí ó bá jẹ́ pákó tí wọ́n tò, tí ẹ̀gbẹ́ kan gun èkejì lórí tàbí tí wọ́n fi òwú dí àárín wọn, ó yẹ kó wú. Ṣùgbọ́n ẹ má tì í sínú ọ̀sà lójijì. Ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ tàbí aṣọ àtijọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ máa bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Pákó máa wú díẹ̀díẹ̀, àlàfo á pa dé fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù níbí ni kí ènìyàn fi pọ́tì líle tàbí épọ́sì (gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń po láti inú agolo méjì) kún àlàfo nígbà ọyẹ́. Nígbà tí òjò bá dé tí pákó sì fẹ́ wú, kò ní ríbi wú sí. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ yẹ̀: bóyá síkúrúù á já, bóyá egungun ọkọ̀, ìyẹn àwọn igi títẹ̀ inú rẹ̀ tó gbé pákó ró, á ṣẹ́. A ti rí egungun mẹ́fà tó ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo nítorí pọ́tì.

Bí ó bá jẹ́ pláíwúùdù ni wọ́n fi kàn án, bíi Mirror tàbí GP14, ẹ má rì í rárá. Pláíwúùdù kì í wú kó dí ihò. Ó ń mu omi, á sì ṣí ní ìpele ìpele. Firefly àtijọ́ tún yàtọ̀: awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì fi ooru sè kó gba àwòrán ọkọ̀. Òun náà, gbígbẹ ni ẹ̀mí rẹ̀.

Igi wo ni kí n rà láti fi dípò èyí tó rà?

Ọlọ́run fún wa ní igi. Ọ̀gànwó tí àwọn òyìnbó ń kó lọ kan ọkọ̀ wọn, ilẹ̀ wa níbí ló ti ń hù. Fún pákó ara ọkọ̀, òun la máa ń kọ́kọ́ wá: kò wúwo jù, ó gba gọ́ọ̀mù, ó sì ń tẹ̀ lé ọwọ́.

Irókò le, ikán kì í fẹ́ ẹ, ó sì dára fún igi àárín abẹ́ ọkọ̀ àti pákó ìdí. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀. Òróró inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dì í mú dáadáa, nítorí náà ẹ fi acetone nù ún kó tó di pé ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe lánàá. Nígbà míì ẹ máa bá òkúta funfun nínú rẹ̀ tó ń ba ẹnu ayùn jẹ́. Eruku rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń dí ènìyàn ní èémí. Ẹ bo imú.

Ọ̀pẹ̀pẹ̀ kì í rà bọ̀rọ̀, àmọ́ ó wúwo fún ara ọkọ̀ eré. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fá, ìyẹn ló ṣe ń tan àwọn káfíńtà jẹ. Kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ rárá. Ọdún méjì kò ní pé tí á fi rà. Ìdígbó ṣeé lò, ṣùgbọ́n tí irin bá kàn án nínú ọ̀rinrin, á dúdú, irin náà á sì jẹ.

Àwọn sọ́míìlì apá Àgbówà ni ẹ ti lè rí wọn. Ohun tó ṣòro láti rí ni igi tó gbẹ. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ olùtajà gbọ́. Ẹ tò ó sábẹ́ ìbòòji pẹ̀lú igi tín-ín-rín láàárín pákó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọn ẹyọ kan lórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró tí kò lọlẹ̀ mọ́, ó ti gbẹ dé ibi tí afẹ́fẹ́ wa lè gbẹ ẹ dé.

Gbogbo ẹni tó ń ta pláíwúùdù ló ń sọ pé tòun ni ti ọkọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ẹ sè é. Ẹ gé èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sè é fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tún un sè. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣí, ti àpótí aṣọ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí ihò láàárín ìpele, omi máa rí i ju ẹ̀yin lọ. Ojúlówó máa ń ní àmì BS 1088, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún pláíwúùdù ọkọ̀ omi, ṣùgbọ́n ẹni tó ní òǹtẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ sórí páálí. Ìkòkò omi gbígbóná kì í purọ́.

Gọ́ọ̀mù wo ni kí n lò?

Épọ́sì fún ohun gbogbo tó máa kan omi. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn tó ń kan àga kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀sà. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ inú àwọn ọkọ̀ yìí pàápàá ti ń di ìyẹ̀fun nítorí ooru wa. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ láàárín igi méjì, ẹ tú u, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tún un lẹ̀.

Ooru ni ìṣòro épọ́sì níbí. Bí ooru bá fi bí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 10 lé sí i, àkókò tí ẹ ní kó tó dì ń dín sí bí ìdajì. Èyí tí ìwé inú agolo sọ pé ó ní ogún ìṣẹ́jú lè máa rú èéfín lọ́wọ́ yín kó tó pé mẹ́wàá. Ẹ po díẹ̀, kí ẹ dà á sínú àwo pẹlẹbẹ, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù. Ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ń rẹlẹ̀ dára fún kíkun igi ìhòòhò, torí pé láàárọ̀ tí igi ń gbóná sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa jáde, á sì fi ìfóòfò sórí iṣẹ́ yín.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ́sìnì fáíbà dáadáa ló máa ń ṣe àṣìṣe kan: wọ́n á fi ohun tó ń mú un dì kún un kó lè yára. Épọ́sì kì í gba bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ márùn-ún sí ọ̀kan, márùn-ún sí ọ̀kan ni. Bí ẹ bá ré e kọjá, á rọ̀ títí láé. Bí ẹ bá sì rí nǹkan bí ọ̀rá lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó ha á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpele tó kàn kò ní lẹ̀.

Síkúrúù wo, ìṣó wo?

Ẹ sá fún irin lásán. Bí ó bá ti dípẹtà, igi tó yí i ká náà ti kú. Bàbà pupa àti brọ́ọ̀nsì ni ti ọkọ̀. Idẹ ń tanni jẹ: omi oníyọ̀ ń fa síńkì inú rẹ̀ jáde, á di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdí èékánná, á sì kán bíi ṣọ́ọ̀kì. Irin tí kì í dípẹtà dára lókè, ṣùgbọ́n nínú igi tútù tí afẹ́fẹ́ kò dé, òun náà ń jẹ ní kọ̀rọ̀.

Wáyà bàbà nípọn tí àwọn oníná ń rì sínú ilẹ̀ ṣeé gé fi ṣe ìṣó ìpápọ̀ tó dára gan-an. Mirror tiẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi wáyà bàbà rán bí aṣọ kí wọ́n tó fi téèpù fáíbà dí ojú rírán rẹ̀. Bí síkúrúù àtijọ́ kò bá fẹ́ jáde, ẹ gbé irin gbígbóná lé orí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ó tutù, kí ẹ tún gbìyànjú.

Ṣé mi ò kúkú lè fi fáíbà bo gbogbo rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló ń bí wa nínú jù, ẹ dárí jì wá. Lórí ọkọ̀ pákó títò, rárá. Pákó ń wú, ó ń sún kì. Fáíbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ya, omi á gba àárín wọn, igi á wá máa rà nínú àpótí tí ẹ kàn fún un. Tí ẹ bá fi máa rí i, fáíbà nìkan ló kù.

Lórí pláíwúùdù tó gbẹ, tó le, aṣọ fáíbà fẹ́lẹ́ pẹ̀lú épọ́sì (kì í ṣe rẹ́sìnì olówó pọ́ọ́kú) lè bo ìsàlẹ̀ níta. Inú, ẹ jẹ́ kó mí.

Fáníìṣì tàbí ọ̀dà?

Oòrùn wa ò bá fáníìṣì ṣọ̀rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀gànwó yín hàn, ìpele mẹ́fà ó kéré tán, ti òde tó ń dènà oòrùn, àkọ́kọ́ rẹ̀ kí ó ṣàn díẹ̀ kó lè wọnú igi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ha á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi méjì kún un lọ́dọọdún, kó tó bó. Tí ẹ bá dúró dìgbà tó bó, igi ti dúdú nìyẹn. Épọ́sì náà ò fẹ́ oòrùn, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Èrò tiwa: fáníìṣì fún ohun tí ọwọ́ ń dì mú àti ohun tí ojú ń wò, ọ̀dà aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìyókù. Ọ̀dà dúdú ń sè igi.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ má fi ẹ̀rọ ha á gbẹ, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ọn.

Ìdí òpó ìgbòkun mi ti rà. Ṣé kí n fi igi ibí ṣe òmíràn?

Ẹ má jù ú nù. Igi spruce ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó fúyẹ́, ó sì le ju bí ó ṣe fúyẹ́ lọ. Kì í hù níbí. Ẹ gé ibi tó rà, kí ẹ fá ojú igi méjèèjì dagun, kí ibi tí wọ́n ti pàdé gùn ní ìlọ́po 12 bí igi ṣe nípọn tó. Fún pláíwúùdù, ìlọ́po 8 tó. Bí òpó bá ní ihò nínú, ẹ rí i dájú pé omi tó bá wọlé lókè ní ibi tó máa gbà jáde nísàlẹ̀.

Egungun ọkọ̀ ti ṣẹ́, mi ò sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sè igi.

Páìpù kan, ìkòkò kan àti iná igi ti tó. Wákàtí kan fún ínṣì kan ìnípọn ni òfin àgbà. Igi tó gbẹ nínú afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iná gbẹ máa ń ṣẹ́. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́ lẹ́yìn ìgbìyànjú mẹ́ta, ẹ la igi náà sí awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi épọ́sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ lórí àwòṣe. Kò rí bíi ti àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣẹ́.

Ṣé mo ṣì lè fi sáré ìje lẹ́yìn àtúnṣe?

Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣì bá òfin mu. Lightning kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju pọ́ọ̀nù 700 lọ, Snipe kò gbọdọ̀ dín ní 381. Ìṣòro ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe pé ó fúyẹ́ jù: ó ti mu omi, wọ́n sì ti fi ọ̀dà ogún ọdún lé ara wọn. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó ti gbẹ fún oṣù méjì. Kílò tí ẹ pàdánù láìfọwọ́ kan nǹkan kan máa yà yín lẹ́nu. Ẹ wọn ìrísí rẹ̀ pẹ̀lú: pákó tuntun tó nípọn ju ti àtijọ́ lọ lè gbé ọkọ̀ kúrò nínú òfin.

Tí mo bá pààrọ̀ ìdajì igi rẹ̀, ṣé ọkọ̀ kan náà ṣì ni?

A ti jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan ní nọ́ńbà ló ṣe pàtàkì. Àwọn kan ní ìrísí ni. Lójú tiwa, bí igi àárín abẹ́ rẹ̀ àti pákó ìdí rẹ̀ bá ṣì jẹ́ ti àkọ́kọ́, òun náà ni. Bí méjèèjì bá lọ, ọkọ̀ tuntun lẹ kàn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, bí ẹ kò bá ti tà á fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò tíì rí àtúnṣe rí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti gé díẹ̀ ju bí ọwọ́ ṣe ń fẹ́ gé lọ. Níbi tí ínṣì mẹ́rin ti rà, ẹ gé mẹ́fà, ẹ má gé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Kí ẹ sì fi òòlu kọ ọdún tí ẹ ṣe é sí ẹ̀yìn pákó tuntun kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọ̀dà kò ní bò, kí ẹni tó bá tú u lẹ́yìn yín lè mọ èyí tó jẹ́ tiyín.